Ìrìn-àjò ìtàn iṣẹ́ ọnà: ẹ dín ìlú kù, ẹ fi wákàtí kún un

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà lọ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé sójú ìwé yín. Tí àsìkò rẹ̀ bá ti tó, bọ́ọ̀sì á gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́ láago mẹ́fà àárọ̀. Wọ́n á ní Ifẹ̀, Òṣogbo àti Abẹ́òkúta làwọn fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo rìn tán. Nígbà tí wọ́n bá fi padà dé lóru, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà mú bọ̀ kò ju fọ́tò tí wọ́n yà lẹ́nu géètì àti ìrẹsì tí wọ́n jẹ lójú ọ̀nà. Olùkọ́ á fi máàkì mẹ́wàá síwájú orúkọ gbogbo ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì. Ó parí.

Inú iye wákàtí tí ọmọ fi dúró síwájú iṣẹ́ ọnà kan ni ẹ̀kọ́ ìrìn-àjò náà wà. Iye ìlú tí bọ́ọ̀sì gbà kọjá kò sí nínú rẹ̀.

Kí ló tilẹ̀ dé tí a fi ń kúrò nínú kíláàsì? Ìwé máa ń parọ́ nípa ìwọ̀n ni. Ẹ ṣí ìwé ìtàn iṣẹ́ ọnà èyíkéyìí tó bá wà nítòsí yín. Ère Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́, tó wà ní Florence, ga tó mítà 5.17. Orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Lójú ìwé, ọgbọọgba làwọn méjèèjì: àtẹ́lẹwọ́ kan, àtẹ́lẹwọ́ kan. Ọmọ tí kò kúrò nínú kíláàsì kò lè mọ̀ pé Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tó wà ní Ifẹ̀ níbí, tó ga tó nǹkan bíi mítà 5.5, ga ju Dáfídì náà lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi sọ ìrìn-àjò di kọ́ọ̀sì gidi. Wọ́n á kó ọmọ lọ sí Róòmù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lè gbójú sókè wo àjà Sistine Chapel, ilé ìjọsìn àwọn póòpù, tí Michelangelo kùn láti 1508 sí 1512, títí ọrùn á fi máa ro ó. Ìrora ọrùn yẹn wà lára ẹ̀kọ́ náà. Fọ́tò kì í dun ọrùn.

A ò nílò físà ká tó ṣe irú rẹ̀ níbí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo dá lábàá fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́: ọjọ́ kan ní Ọ̀yọ́, méjì ní Ifẹ̀, ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ní Òṣogbo, kí ààbọ̀ tó kù jẹ́ ti ojú ọ̀nà (gbogbo wa la sì mọ bí ojú ọ̀nà wa ṣe rí). Bí owó kò bá ká a, ẹ yọ Òṣogbo kúrò, ẹ má fọwọ́ kan ọjọ́ méjì ti Ifẹ̀. Abẹ́òkúta àti àdìrẹ tó ìrìn-àjò ọ̀tọ̀.

Ẹ ti Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀, torí pé níbẹ̀ ni ọmọ ti lè rí iṣẹ́ nígbà tí kò tíì parí. Ohun tó wà nínú gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti parí tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí kò rí ọ̀bẹ lórí igbá rí kò lè fi ojú tú u palẹ̀. Kí àwọn ọmọ jókòó ti fíngbáfíngbá fún wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán. Igbá tó gbó ni wọ́n máa ń lò. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan kí inú rẹ̀ lè rà, wọ́n á ha inú náà mọ́, wọ́n á sì sá a. Igbá tí kò gbó tó máa ń kákò bó bá ń gbẹ, ẹnu rẹ̀ á wọ́, ọ̀bẹ á sì máa lu ú já níbi tó bá ti fẹ́lẹ́.

Ìbéèrè kan ni kí olùkọ́ bi wọ́n níbẹ̀: èwo ni ọnà lára igbá yìí, ṣé ibi tí ọ̀bẹ gbà ni, àbí ibi tó fi sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ á nawọ́ sí ibi tí wọ́n gé. Kí wọ́n tún wò ó. Fíngbáfíngbá á kọ́kọ́ fi ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà yí ẹyẹ tàbí alángbá ká. Lẹ́yìn náà ni yóò máa ha ilẹ̀ tó yí i ká lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì fi ìlà tóóró tóóró kún ilẹ̀ ọ̀hún, títí ẹyẹ á fi yọ jáde bí ẹni pé ńṣe ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bà sórí igbá. Ara ẹyẹ yẹn ni ọ̀bẹ kò fọwọ́ kàn. Ọmọ tó bá ti rí èyí kò ní wo ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá rí fọ́tò ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924 tó sì wà ní British Museum dòní, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni bí igi náà ṣe nípọn tó kí Ọlọ́wẹ̀ tó gbé ilẹ̀ kúrò lẹ́yìn àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ìbéèrè ẹni tó mọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ má lọ síwájú oníṣẹ́ lọ́wọ́ òfo o. Ní gbogbo ìgbà tí ogún ọmọ bá fi yí i ká, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti dúró. Ẹ san owó ìjókòó fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì bá a dúnàá-dúrà lójú àwọn ọmọ. Ẹ ra igbá kan fún ọmọ mẹ́ta mẹ́ta kí wọ́n fi dán ọwọ́ wò. Ẹ mú báńdéèjì dání pẹ̀lú, torí ọ̀bẹ á yọ̀ ṣáá ni, ọwọ́ tó di igbá mú ló sì máa ń bá.

Ifẹ̀ ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. Ọgọ́ta ọmọ á rọ́ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ á máa pariwo ọdún àti orúkọ láti ẹ̀yìn, àwọn tó wà níwájú nìkan ló ń rí nǹkan, fóònù ni wọ́n sì fi ń wò ó. Kí ó tó tó ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ti jáde, wọ́n ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì.

Ẹ pín wọn ní márùn-ún márùn-ún. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ère kan, kí wọ́n sì lo wákàtí kan níwájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí ìwé, kò sí fóònù; kí wọ́n ṣáà máa wò ó. Ìṣẹ́jú 35 fún yíyàwòrán: iwájú, ẹ̀gbẹ́, àti ẹ̀yìn bí ibi tí wọ́n gbé e sí bá gbà wọ́n láyè. Pẹ́ńsùlù 2B àti 4B ni kí wọ́n mú wọlé. Kí bírò wà nínú bọ́ọ̀sì, torí yíǹkì tó bá ta sí ara amọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ohun tí a lè fi omi nù. Ìṣẹ́jú 10 fún àríyànjiyàn. Ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn ni kí wọ́n tó ka àkọlé ara rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kà á o! Ọmọ tó bá ti ka «ọba» kò ní rí ojú ère náà mọ́, adé nìkan ni yóò máa yà.

Bí wọ́n bá wò ó pẹ́, wọ́n á rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí náà, tí kò sì sí lára àwọn mìíràn rárá. Wọ́n á rí ihò kéékèèké létí irun, àti yí ẹnu ká lára òmíràn. Ṣé ilà ojú ni, àbí òjìji ìlẹ̀kẹ̀ tó ń ṣẹ́ wálẹ̀ láti ara adé? Ṣé irùngbọ̀n ni wọ́n so mọ́ ihò yẹn, àbí ìbòjú? Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí. Nítorí náà, èsì èyíkéyìí tí ọmọ bá mú wá tọ́ sí máàkì, bó bá ti lè nawọ́ sí ohun tó rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tún rìn dé agbègbè agbo ilé Wúnmọníjẹ lẹ́yìn ààfin, níbi tí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ti kan àwọn orí idẹ ní 1938. Ó yẹ kí wọ́n dúró lórí ilẹ̀ náà, kí wọ́n rí i bó ṣe sún mọ́ ààfin tó. Lórí ilẹ̀ Ifẹ̀ yìí kan náà ni Leo Frobenius ará Jámánì dúró sí ní 1910, tó rí iṣẹ́ tó dára bẹ́ẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò sì gbà pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ló ṣe é. Ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ní in. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ìyẹn. Ó wúlò fún ẹni tó ń kọ́ ìtàn láti mọ̀ pé ojú lè rí nǹkan kí ọkàn má gbà á.

Ọ̀rọ̀ idẹ gba ìmúrasílẹ̀ láti ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbéra, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìda oyin mọ orí kékeré kan, sẹ̀ǹtímítà 5, lé amọ̀ gbígbẹ lórí. Kó fi amọ̀ kíkúnná bò ó ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó gbẹ lábẹ́ ìbòòji, kó tún bò ó lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kó sì fi ihò kan sílẹ̀ nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá yá a níná, ìda á yọ́ dà síta, àyè tó fi sílẹ̀ nínú amọ̀ ni idẹ yíyọ́ máa ń gbà. Kí wọ́n dúró níbẹ̀ o. Ẹ má ṣe da idẹ nínú kíláàsì. Bí omi díẹ̀ bá ṣẹ́kù nínú amọ̀, á di ooru gbígbóná lójijì bí idẹ yíyọ́ bá kàn án, amọ̀ á bẹ́, idẹ á sì ta sójú èèyàn. Àwọn tó ń ṣe é níṣẹ́ gan-an máa ń sun amọ̀ náà pẹ́ kí wọ́n tó gbé ìkòkò idẹ wá.

Ọmọ tó bá ti ṣe èyí, bó dé iwájú orí Ifẹ̀, á máa wá ibi tí idẹ kò dé, á máa wá ibi tí wọ́n lẹ̀. Á sì yé e ìdí tí ìbòjú Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ àtijọ́, fi jẹ́ àrà. Bàbà pọ́ńbélé ni wọ́n fi dà á, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 33, ó tó ojú èèyàn gidi. Bàbà kì í yọ́ àfi bí iná bá dé ìwọ̀n 1,085 lórí Celsius, bẹ́ẹ̀ idẹ tí wọ́n po síńkì mọ́ máa ń yọ́ ṣáájú rẹ̀ dáadáa. Yàtọ̀ sí iná, bàbà nìkan kì í ṣàn bó ṣe yẹ, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì máa ń hó nínú amọ̀, ibi tó hó á di ihò. Ẹni tó fi í da odindi ojú láìsí àbùkù mọ iná bí ẹni mọ owó.

Ọjọ́ kejì ní Ifẹ̀ jẹ́ ti ìta: Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe to ìṣó irin sí i lára, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin, ló ní kí wọ́n máa tẹ́ ẹ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi to àpáàdì náà nàró, wọn kò tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ àti òjò kò fi tètè jẹ ẹ́.

Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì fi í sára ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn ère tó wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ Susanne Wenger ará Austria, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó kú ní 2009, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bíi Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀. Nǹkan tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́ níbí yàtọ̀ sí ti Ifẹ̀. Sìmẹ́ńtì lórí irin ni ọ̀pọ̀ ère yìí. Omi òjò á gba ibi tó sán wọlé, irin á dípẹtà, irin tó bá sì dípẹtà máa ń wú, á wá ti sìmẹ́ńtì láti inú títí yóò fi là sí i. Lórí gbogbo rẹ̀, ewédò á hù, gbòǹgbò igi á wá ọ̀nà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ère kan, kó kọ ìwé àìsàn rẹ̀: ibo ló ti sán, ìlà sísán náà gùn tó báwo, ibo ni irin ti yọjú, ibo ni wọ́n ti tún un ṣe (àwọ̀ sìmẹ́ńtì tuntun á fi í hàn), ibo ni omi ń dúró sí. Pépà kan ti tó. Àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ lè rí ìlò fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fún wọn ní ẹ̀dà.

Ẹ má mú wọn lọ nínú ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ yàwòrán. Èrò kò ní jẹ́ kí wọ́n rí nǹkankan. Àárọ̀ kùtù ló dára, kí oúnjẹ sì wà nínú báàgì tí a dè, torí ọ̀bọ inú igbó náà kò mọ ti akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ibòmíràn rọ́pò Òṣogbo, kó gba ọ̀nà Ìlọrin lọ sí Ẹ̀sìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí wà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ère òkúta inú rẹ̀ sì lé ní 800. Òkúta rírọ̀ ni, èékánná lè fa ìlà sí i lára, nítorí náà kí gbogbo ọwọ́ wà lẹ́yìn. Ibi tí ọrùn àti orí ti ṣẹ́ ni kí wọ́n yà jù.

Wàyí o, ètò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni kí lẹ́tà ti dé ọ̀dọ̀ alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kó sọ iye ọmọ, ọjọ́, aago, àti pé yíyàwòrán ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe, kì í ṣe fọ́tò. Fún ibi tó jẹ́ ti ààfin tàbí ti àwọn olórìṣà, lẹ́tà nìkan kò tó. Ẹ rán àgbàlagbà kan lọ kí wọn kó tó di ọjọ́ náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ lọ wò ó, torí ère lè wà nínú àká tàbí kó ti rìnrìn-àjò lọ sí àfihàn níbòmíràn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì lè wà ní títì fún àtúnṣe. Kó bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe bí iná bá lọ, àti bóyá wọ́n ń gba tọ́ọ̀ṣì. Kó bèèrè ọjọ́ Orò pẹ̀lú. Bí kò bá bèèrè, ó lè dé ìlú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀ jókòó sínú òtẹ́ẹ̀lì látàárọ̀ dalẹ́.

Ọgbọ̀n ọmọ ni kí wọ́n má kọjá, olùkọ́ kan fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí wọ́n sùn sí ìlú tí wọ́n fẹ́ wò, kí wọ́n lè wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn; bọ́ọ̀sì tó bá dé lọ́sàn-án gangan ti fi ìdajì iṣẹ́ ṣòfò. Nínú owó gbogbo, ẹ ya ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún táyà tó bẹ́ àti ọmọ tí ibà dá dúbúlẹ̀.

Ní ti máàkì, bí mo ṣe máa pín 100 rẹ̀ nìyí: ìwé àwòrán 40, ìwé àìsàn ère 20, ọ̀rọ̀ tí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ère 15, àròkọ 25, kí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n padà dé. Wíwọ bọ́ọ̀sì kò ní máàkì. Kí wọ́n wá lẹ àwòrán tó dára jù mọ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ ránṣẹ́ lọ mú fíngbáfíngbá wá láti Ọ̀yọ́ kó wá wò ó. Bí igbá tí wọ́n yà kò bá jọ igbá, á sọ fún wọn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.